Ewé Tó Ń Tẹrí Ba

 

Ìdì ewé kan ló dá ọ̀rọ̀ tòní sílẹ̀. Nígbà tí a fẹ́ gbo omi ìwẹ̀ fún ọdún Ọ̀sanyìn nílé wa ní Ìsọlọ̀, a rán àwọn ọmọ lọ sọ́jà. Wọ́n ra ìdì kan bọ̀, wọ́n ní ìyá eléwé sọ pé orúkọ kan náà ni gbogbo ẹ̀ ń jẹ́. Bàbá tú u sórí ẹní, àṣé oríṣi mẹ́ta ni wọ́n dì pọ̀! Bàbá ò bínú. Wọ́n kàn ní, "Oògùn tó bá ní òun ò jẹ́, ewé ẹ̀ ló kù kan. Tiyín ò kù, ó lé ni."

Èyí tí à ń wá ni àwọn onímọ̀ ewé ń pè ní Lycopodiella cernua. Lycopodium cernuum ni Linnaeus pè é ní 1753, ẹ ó ṣì rí orúkọ yẹn nínú ọ̀pọ̀ ìwé. Cernua túmọ̀ sí ohun tó tẹrí ba, ẹni tó sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ wò ó dáadáa. Orúkọ ọjà lè yí láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, ṣùgbọ́n ara ewé kì í yí. Ara ẹ̀ ni kí ẹ máa wò.

Bí ẹ bá rí i lórí ìdúró, ẹ ó rò pé igi Kérésì tí wọ́n máa ń tò sójú ọ̀nà l'Óṣòdì ló bímọ. Ó máa ń ga tó orúnkún, nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ewé ẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́ kéékèèké, ó rọ̀, kò gùn ju mìlímítà 5 lọ, ó sì bo ẹ̀ka yípo yípo bí irun ìrù ológbò. Ní ṣónṣó ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ni àmì gan-an wà: orí kékeré kan bí hóró ìrẹsì, tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tó dojú kọlẹ̀. Kì í yọ òdòdó, kò sì ní kóró. Lẹ́búlẹ́bú ló wà nínú orí yẹn, atẹ́gùn ló sì ń gbé e lọ. Ìtàkùn ẹ̀ ń rìn nílẹ̀, ó ń tẹ̀ bí ọrun, ibi tó bá ti fẹnu kanlẹ̀ ló ti ń ta gbòǹgbò.

Ẹ má wá a lọ sínú òkùnkùn igbó o. Etí igbó ló fẹ́, ibi tí oòrùn ti ń ràn án tí ilẹ̀ sì tutù: etí àbàtà, tàbí ara ilẹ̀ pupa tí wọ́n gé nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà, tí omi ń sun jáde lára ẹ̀.

Inú ibòji ni ẹnìkejì ẹ̀ nínú ìdì yẹn ń gbé ní tiẹ̀. Selaginella myosurus ni, ó pọ̀ ní gúúsù Nàìjíríà, ó máa ń gun orí igbó kékeré bí ìtàkùn. Ìbátan ni wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ fi ìka fà á kọjá: pẹrẹsẹ ni ẹ̀ka tiẹ̀ rí, bí ẹní. Ewé ńlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ewé kékeré sùn lé e lórí. Orí ẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sì í tẹ̀ bí ti àkọ́kọ́.

Ẹ̀kẹta ló pa mí lẹ́rìn-ín: páìnì etí òkun, èyí tí wọ́n ń gbìn yí ọgbà ká l'Ékòó! Ohun tó dà bí ewé lára ẹ̀ gùn bí irun, tí ẹ bá sì fà á, á já ní oríkèé-oríkèé.

Ìran àgbà ni ewé wa yìí. Ní nǹkan bí 300 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, àwọn ìbátan ẹ̀ jẹ́ igi tó ga ju mítà 30 lọ. Òkú wọn wà lára ohun tó di èédú tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń wà nínú ilẹ̀ nígbà kan rí. Lẹ́búlẹ́bú ìbátan ẹ̀ kan ní Yúróòpù ni àwọn apòògùn máa ń fi yí hóró oògùn láyé àtijọ́ kí ó má lẹ̀ mọ́ra, àwọn eléré orí ìtàgé sì máa ń fọ́n ọn síná kí iná lè bú gbàmù. (Ẹ má dán an wò nílé o. Iná l'Ékòó ti tó.)

Ohun líle wà nínú ewé yìí. Ìwẹ̀ nìkan la ń lò ó fún nílé tiwa, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má torí pé ó rọ̀ kó lọ sè é fún ọmọ mu.

Ohun tó ń dùn mí gan-an ni pé ẹ̀yìn ilé wa ni a ti ń já a nígbà tí mo wà ní kékeré. Wọ́n ti da yanrìn sí àbàtà yẹn, ilé ló wà lórí ẹ̀ báyìí. Èyí tí àwọn ọmọ rà yẹn, tigbòǹgbò-tigbòǹgbò ni wọ́n fà á tu. Erùpẹ̀ ṣì wà nídìí ẹ̀. Mo gbìn ín sínú ike, ó kú. Mo tún un gbìn, ó tún kú. Òun àti àwọn olú tín-ín-tín inú ilẹ̀ ibi tó ti wá ni wọ́n jọ ń gbé, ike ò lè ṣe ilé fún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń lọ já a fúnra yín, ọ̀bẹ ni kí ẹ mú dání. Èyí tó nàró ni kí ẹ gé, díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹ fi ìtàkùn tó ń rìn nílẹ̀ sílẹ̀.

Ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ọ̀sanyìn tó ń bọ̀, màá kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá sínú àtẹ kí gbogbo wa fọwọ́ kàn án. Ẹ mú àwọn ọmọ dání, pàápàá àwọn tí ẹ máa ń rán lọ́jà.