Ẹ Má Ra Máṣíìnì Tí Ọmọ Yín Kò Ní Lè Lò

Ọ̀rọ̀ tòní, ọ̀rọ̀ àpò ni, ọ̀rọ̀ ọmọ sì ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Ìyá kan nínú ìjọ wa níbí ní Rore wá bá wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti parí sẹ́kọ́ńdìrì, ó fẹ́ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ bá wa gbàdúrà, máṣíìnì oníná ńlá la fẹ́ rà fún un, irú èyí tí wọ́n ń lò ní Ìlọrin." A bi í pé, "Màmá, iná wo ló máa lò?" Ó rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Èrò tiwa rèé: máṣíìnì àkọ́kọ́ tí ẹ máa rà fún ọmọ, kó jẹ́ èyí tó lè fọwọ́ yí tàbí kó fẹsẹ̀ tẹ̀. Olórí dúdú yẹn tí ẹ mọ̀, Singer tàbí Butterfly, tí wọ́n fi rán aṣọ ọdún fún wa ní kékeré. Kò nílò NEPA, kò nílò epo jẹnẹrétọ̀. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀, ẹ lè so mọ́tò kékeré mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n industrial nílé ẹni tí kò níná, aṣọ ni wọ́n máa ń dà bò ó, ó di tábìlì tẹlifíṣọ̀n.

Àwọn kan á ní ayé ti lajú, ṣé ọmọ tiwa ni kó ṣì máa fẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì? A gbọ́ yín. Ẹni tó níná tó dúró, tí iṣẹ́ sì pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, industrial dára fún un, ó yára gan-an. Ìyára yẹn náà ni ewu rẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Kí ọmọ tó ṣẹ́jú, abẹ́rẹ́ ti gba ibi tí kò yẹ kọjá. Nígbà míì, ìka ọwọ́ ni.

Èyí tí àwọn ẹ̀gbọ́n máa ń fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà ńkọ́? Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bù kún yín. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kẹ́ ẹ tó dì í sínú ẹrù. Iná tiwọn jẹ́ nǹkan bí 120 volt, tiwa jẹ́ 230. Bí ẹ bá kàn kì í bọ iná tiwa láìsí ohun tó ń dín iná kù, ó máa jó. Àwọn kékeré oníbátìrì tí ẹ ń rí lórí fóònù ní tiwọn, ohun ìṣeré ni. Wọn ò lè gbé iṣẹ́ ojoojúmọ́.

Bí ẹ bá ń lọ rà á, ì báà ṣe tuntun tàbí tòkunbọ̀, ẹ má dá lọ. Ẹ mú ọmọ lọ, ẹ bẹ ọ̀gá rẹ̀ kó bá yín dé ibẹ̀. Ẹ mú ègé ankara àti ègé jíìnsì dání. Ẹ fọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: kò gbọdọ̀ há, kò gbọdọ̀ máa pariwo. Ẹ rán aṣọ méjèèjì, kẹ́ ẹ wá yí wọn dà wo abẹ́. Bí okùn bá dì jọ, tàbí tó ń fò, ẹ fi í sílẹ̀ fún olówó rẹ̀. Ẹ tún bèèrè bóyá ẹ máa rí bọ́bìnnì rẹ̀ rà ní Òmù-Àrán, kẹ́ ẹ má baà máa wọkọ̀ lọ Ìlọrin torí nǹkan kékeré.

Ẹ jẹ́ ká jẹ́wọ́. Àwa náà ti pín máṣíìnì rí nínú ìjọ. A ya fọ́tò, a gbé e síbí, ẹ̀yin náà kọ "Àmín". Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ la gbọ́ pé bàbá ọmọ kan ti ta tọmọ rẹ̀ láti fi san gbèsè. Ọmọ mìíràn kò tiẹ̀ ní ọ̀gá tó máa kọ́ ọ. A ra ẹrù, a ò bèèrè ọmọ. Ẹ̀bi wa ni.

Torí náà, máṣíìnì ọmọ, tọmọ ni. Kì í ṣe ti bàbá, kì í ṣe ti ọkọ tó ń bọ̀. Ẹ má sì dúró dọjọ́ fìrídọ́ọ̀mù kẹ́ ẹ tó rà á. A ti rí òbí tó yáwó se ìrẹsì, tó ran aṣọ ẹbí, tó gba kánópì, tí ọmọ sì jáde láìní abẹ́rẹ́ kan. Ẹ dín ìrẹsì kù, ẹ ra máṣíìnì.

Nígbà tí Dọ́kásì kú ní Jọ́pà, aṣọ tó rán làwọn opó gbé síwájú Pétérù pẹ̀lú omijé. Ó wà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 9. Bíbélì ò sọ irú abẹ́rẹ́ tó lò. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n rántí.

Bí máṣíìnì kan bá ń sùn nílé yín, ẹ jí i, ẹ fún ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́. Ọlọ́run á bù kún iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ wa, wọn ò ní kọ́ṣẹ́ lásán, lórúkọ Jésù. Ẹ fi ránṣẹ́ sí òbí kan.