Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn aṣáájú àdúgbò kò yẹ ní ohun táwọn oníṣòwò ń fi sílẹ̀ fọ́mọ ẹgbẹ́ òṣèlú

Bí wọ́n bá pe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí òṣèlú àti ìdarí fáwọn aṣáájú àdúgbò, àwọn wo ló máa ń jókòó síbẹ̀? Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú ni, àtàwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tọ́gàá wọn ní kí wọ́n lọ, àtàwọn tó ti lọ sí mẹ́ta mẹ́rin irú ẹ̀ rí. Onídìrí, mẹkáníìkì, télọ̀ àti ìyá tó ń ta oúnjẹ kì í sábà sí níbẹ̀. Wọ́n á ní àwọn ò lè ti ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tó ṣètò ẹ̀kọ́ náà kò sì ní wá wọn dé ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀dọ̀ oníṣòwò ni àdánù náà pọ̀ sí jù, torí ìtàn fi hàn pé ẹni tí kò sẹ́ni tó lè dá owó oṣù rẹ̀ dúró gan-an ni irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń wúlò lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Johns Island, erékùṣù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Charleston, ní ìpínlẹ̀ South Carolina, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, ẹni tó bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò níbẹ̀ gbọ́dọ̀ lè ka apá kan nínú ìwé òfin ìpínlẹ̀ náà, àfi tó bá ní dúkìá tí iye rẹ̀ tó $300. Ọ̀pọ̀ èèyàn dúdú ibẹ̀ ni kò mọ̀wé. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Esau Jenkins, àgbẹ̀ ni, ó sì tún ní bọ́ọ̀sì tó fi ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí Charleston láràárọ̀. Inú bọ́ọ̀sì yẹn ló ti ń kọ́ àwọn èrò rẹ̀ ní ìwé òfin, kí wọ́n tó dé ibi iṣẹ́. Obìnrin kan nínú wọn, Alice Wine, sọ fún un pé bó bá lè ran òun lọ́wọ́ láti mọ̀wé kà, òun á forúkọ sílẹ̀.

Lọ́dún 1954, Septima Clark, tó jẹ́ tíṣà ní Charleston, mú Jenkins lọ sí Highlander Folk School, nítòsí ìlú Monteagle ní Tennessee. Ọdún 1932 ni wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Wọ́n máa ń kó àwọn aṣáájú àdúgbò jọ síbẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, oníkálùkù á sọ ìṣòro ìlú rẹ̀, á sì sọ ohun tó fẹ́ lọ ṣe tó bá padà délé. Ohun tí Jenkins ní òun fẹ́ ni ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ fáwọn àgbà.

Highlander yá ẹgbẹ́ Progressive Club, tí Jenkins ń darí, ní $1,500, wọ́n sì fi ra ilé-ìwé àtijọ́ kan. Wọ́n fi iwájú ilé náà ṣe ṣọ́ọ̀bù alájẹṣẹ́kù, wọ́n fi yàrá ẹ̀yìn ṣe kíláàsì. Aláwọ̀ funfun tó bá kọjá níwájú ilé, ọjà títà ló máa rí.

Ta ló máa kọ́ wọn? Clark mọ iṣẹ́ náà dáadáa, àmọ́ lọ́dún 1956 ni wọ́n lé e kúrò níbi iṣẹ́ tíṣà, torí pé ó kọ̀ láti fi ẹgbẹ́ NAACP sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn èèyàn dúdú. Ẹ̀rù irú ìyà bẹ́ẹ̀ ń ba àwọn tíṣà yòókù. Bernice Robinson ni wọ́n wá mú, ìbátan Clark ni, iṣẹ́ onídìrí ló ń ṣe, ó sì tún ń ránṣọ. Kò ṣe iṣẹ́ tíṣà rí. Èèyàn dúdú bíi tiẹ̀ ló ń wá ṣe irun lọ́dọ̀ ẹ̀, torí náà kò sí ọ̀gá tó lè ní kó má wá síbi iṣẹ́ mọ́.

Ọjọ́ 7 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1957 ni kíláàsì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èèyàn 14. Alẹ́ méjì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é, lásìkò tí iṣẹ́ oko kò pọ̀. Ìwé ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Robinson kọ́kọ́ kó lọ. Kíá ló rí i pé kò bá àgbà mu, ló bá bi wọ́n léèrè ohun táwọn fúnra wọn fẹ́ mọ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ lè kọ orúkọ àwọn, káwọn ka Bíbélì, káwọn ka lẹ́tà táwọn ọmọ àwọn ń kọ wá, káwọn lè kọ fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń ra ọjà láti ọ̀nà jíjìn. Ohun tí wọ́n béèrè ló fi ṣe ẹ̀kọ́, ó sì fi fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ ìdìbò sí i. Ká tiẹ̀ sọ òótọ́, ọ̀pọ̀ olùdánilẹ́kọ̀ọ́ tó ń wọ kóòtù lóde òní kò tíì bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè yẹn rí.

Ètò náà tàn kálẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1961, tí ìjọba Tennessee ń gbógun ti Highlander, ẹgbẹ́ SCLC tí Martin Luther King ń darí ló gbà á, wọ́n sì ń dá àwọn olùkọ́ tuntun lẹ́kọ̀ọ́ ní Dorchester, ní Georgia. Ọ̀kan nínú àwọn tó di olùkọ́ ni Victoria Gray, ìlú Hattiesburg ní Mississippi, tó ń ta ìpara àti àtíkè láti ilé dé ilé. Lọ́dún 1964 ó jáde du ipò sẹ́nétọ̀, ó bá John Stennis, ògbólógbòó olóṣèlú, figagbága nínú ìdìbò abẹ́lé. Kò wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ fi tiẹ̀ wé ti Fannie Lou Hamer, tó ń ṣiṣẹ́ ní oko òwú olówó kan. Ọjọ́ tó lọ gbìyànjú láti forúkọ sílẹ̀ ní 1962 gan-an ni ọ̀gá rẹ̀ lé e kúrò lórí ilẹ̀ tó ń gbé. Hamer kò tìtorí ìyẹn padà sẹ́yìn, òun náà sì wá lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà. Ilé àti iṣẹ́ ló kọ́kọ́ pàdánù.

Èyí kò wí pé wọn ò lè fìyà jẹ oníṣòwò o. Ní Orangeburg, ní South Carolina kan náà, àwọn oníṣòwò dúdú tó fọwọ́ sí ìwé lọ́dún 1955 pé káwọn ọmọ dúdú àti funfun máa lọ síléèwé kan náà rí i táwọn tó ń kó ọjà fún wọn kọ̀ láti kó o wá mọ́. Àwọn oníbàárà dúdú náà sì kọ̀ láti ra ọjà lọ́wọ́ àwọn tó ń ni wọ́n lára.

Ilẹ̀ Yorùbá náà ti rí irú ẹ̀ ṣáájú Johns Island. Ní Abẹ́òkúta, ní nǹkan bí ọdún 1944, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ń darí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní ìwé. Ìwé kíkà ni wọ́n torí ẹ̀ jókòó, àmọ́ ibẹ̀ làwọn ìyá náà ti tú ohun tó wà nínú wọn síta: àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ wọn láìsan owó tó yẹ. Lọ́dún 1945 wọ́n gbé ẹjọ́ náà lọ síwájú ìjọba, wọ́n sì dáwọ́ gbígba ìrẹsì náà dúró. Lẹ́yìn náà ló kan owó orí táwọn obìnrin ń san, àwọn ìyá ọlọ́jà yìí kan náà sì ni wọ́n kún àgbàlá Aláké títí tí Ọba Adémọ́lá Kejì fi fi ìtẹ́ sílẹ̀ lóṣù kìn-ín-ní ọdún 1949.

Kí ló wá kan ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù lónìí? Ìwé òfin Nàìjíríà ọdún 1999 fi ìtọ́jú ọjà, ibùdókọ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbo èèyàn àti àmójútó ṣọ́ọ̀bù àti ìsọ̀ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Lọ́jọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, pé àwọn tí aráàlú dìbò yàn ló sì gbọ́dọ̀ máa darí wọn, kì í ṣe alága fìdíhẹẹ́. Ìdájọ́ kò lè fúnra rẹ̀ tún gọ́tà ọjà ṣe. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé ìṣúná káńsù, tó sì lè dìde sọ̀rọ̀ níwájú káńsẹ́lọ̀ láìbẹ̀rù pé wọ́n á gbé òun kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ni yóò béèrè ẹ̀.

Ẹgbẹ́ onídìrí, ẹgbẹ́ télọ̀ àti ẹgbẹ́ mẹkáníìkì ní alága, akọ̀wé àti akápò, wọ́n ń ṣèpàdé, wọ́n sì ń dá owó. Bí ìwé ìpè sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bá dé, kí ẹgbẹ́ yan ẹni kan tàbí méjì, kí wọ́n sì fi owó ẹgbẹ́ dí ohun tí ẹni náà ì bá pa lọ́jọ́ yẹn. Bó bá jẹ́ agogo mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n fi ẹ̀kọ́ sí, kí wọ́n ní kó di ìrọ̀lẹ́. Tí aṣojú bá sì dé, kì í ṣe ìwé ẹ̀rí ló yẹ kí ìpàdé kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀, bí kò ṣe iye tí káńsù pa lórí ọjà wọn lọ́dún tó kọjá, iye tí wọ́n ná padà sórí ẹ̀, àti ọjọ́ tó máa bá wọn lọ bi káńsẹ́lọ̀.