Iye Tí Wọ́n Jí, Ta Ni Yóò Ṣírò Rẹ̀?

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí wọ́n bá ní ilé-iṣẹ́ kan jí ọgbọ́n orí ẹlòmíràn lò, ariwo olè ni gbogbo ayé ń gbọ́. Ṣùgbọ́n ní kóòtù, ìbéèrè tó le jù ni pé: èló ni ohun tí wọ́n jí?

Ẹ wo ẹjọ́ Apple àti Samsung ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 2012, àwọn ará ìlú tó jókòó gbọ́ ẹjọ́ náà ní kí Samsung san owó tó lé ní bílíọ̀nù 1 dọ́là, nítorí pé ó ṣe àwòkọ fóònù Apple. Lọ́dún 2013, adájọ́ rí àṣìṣe nínú ìṣirò wọn, ó ní kí wọ́n tún apá kan rẹ̀ ṣe. Lọ́dún 2016, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ ní kò pọn dandan kó jẹ́ èrè odidi fóònù ni wọn yóò kà. Ó lè jẹ́ ti apá kan nínú rẹ̀. Nígbà tó di 2018, owó náà ti di mílíọ̀nù 539 dọ́là, kí wọ́n tó parí ìjà láàárín ara wọn. Ẹ̀sùn kan náà, iye ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Iṣẹ́ onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé nìyí. Bí kò bá sí àwòkọ, mélòó ni olóhun ìbá tà? Nínú èrè tó wọlé, èló ni ti ọgbọ́n tí wọ́n mú, èló ni ti bátìrì àti ìpolówó? Ká ní wọ́n ti tọrọ àṣẹ ṣáájú, èló ni wọn ìbá fẹnu kò sí?

Òótọ́ ni pé ẹnu tó jẹ dọ̀dọ̀ kì í lè sọ òdodo. Olùpẹ̀jọ́ a gba onímọ̀ tirẹ̀, olùjẹ́jọ́ a gba tirẹ̀. Síbẹ̀, àìsí ìṣirò ló burú jù. Lọ́dún 1885, àwọn tó ni ọnà ara kápẹ́ẹ̀tì jàre ní Amẹ́ríkà, àmọ́ sẹ́ǹtì 6 péré ni wọ́n gbà, torí wọn kò lè fi hàn pé ọnà náà ló mú èrè wá.

Ẹ̀yin olórin, òǹkọ̀wé àti ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ẹ̀rọ, Ààrẹ ti buwọ́ lu òfin tuntun tó ń dáàbò bo iṣẹ́ orin àti ìwé nílẹ̀ wa lọ́dún 2023. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dárúkọ iye àdánù yín fún adájọ́, ẹ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí gbè é kínníkínní. Ẹ tọ́jú àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ tà, ohun tí ẹ ná àti àdéhùn tí ẹ ṣe. Adájọ́ kì í ṣírò ẹkún.