Orógbó Yẹ Ní Ẹ̀yìnkùlé Wa

Ní Ìkẹ́nnẹ́ níbí, ìsọmọlórúkọ tí a kò ti ní fi orógbó ṣàdúrà ṣọ̀wọ́n, síbẹ̀ ẹ̀yìnkùlé mélòó ni ẹ ti rí igi rẹ̀? Inú igbó la ti ń ṣà á, igbó ọ̀hún sì ń tán lọ. Àjọ IUCN, tó ń rí sí ìdáàbòbò ohun alààyè lágbàáyé, pàápàá ti kà á mọ́ àwọn igi tí ewu wà lórí wọn. Ohun tó ń lé àwọn èèyàn sá fún gbígbìn rẹ̀ ni pé hóró rẹ̀ kì í tètè hù. Bí ẹ bá kàn rì í mọ́lẹ̀ tèèpotèèpo, ó lè lò tó ọdún kan kó tó yọ. Àmọ́ bí ẹ bá rọra bó èèpo hóró náà, tí ẹ rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ 2 tàbí 3, yóò yá díẹ̀. Hóró tútù ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe èyí tó ti gbẹ lórí àtẹ. Lóòótọ́, ó lè tó ọdún 10 kó tó so. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IAR&T tó wà ní ìlú wa bẹ̀rẹ̀ sí í mú un hù, kí wọ́n sì máa pín in fún aráàlú àtàwọn ilé ìwé ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò.