Sí ẹ̀yin tí ẹ ń kọ Bash, tí ẹ ń pè é ní sh



Inú ń bí mi, n kò sì ní fi pamọ́. Ẹnì kan kọ #!/bin/sh sórí script build wa, ó wá kọ èyí sínú rẹ̀:

if [ "$MODE" == "release" ]

Lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, kò sí wàhálà. Nígbà tó dé orí sáfà Ubuntu, dash, tó jẹ́ sh níbẹ̀, figbe ta pé "unexpected operator", ó ka ìdánwò náà sí irọ́, ó bọ́ sí apá else, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. set -e kò lè dá a dúró, nítorí inú if ni àṣìṣe wà. Build parí láìsí àmì ìkùnà kankan, ẹ̀yà debug ni a sì kó fún oníbàárà. Nígbà tí mo béèrè, èsì tí mo gbà ni pé, "Ó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ mi."

Èsì yẹn ṣì ń dùn mí. Láti ọdún 2006 ni sh ti di dash lórí Ubuntu! Láti ìgbà tí sh Debian ṣì jẹ́ Bash ni mo ti ń tún irú script bẹ́ẹ̀ ṣe, àwọn ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni mo ṣì ń rí: source, array, echo tí dash ń sọ \n inú rẹ̀ di ìlà tuntun tí Bash kò sì ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tó sá di Bash pàápàá kò bọ́: Bash 3.2, ti ọdún 2006, ló ṣì wà lórí Mac, declare -A kò sì sí nínú rẹ̀. Bash kì í bá Alpine wá rárá.

Ó ṣòro fún mi láti sọ, ṣùgbọ́n àwọn olólùfẹ́ Bash ní ẹjọ́ tí wọ́n lè rò. Array wúlò, [[ ]] sì ń gbani lọ́wọ́ àlàfo inú orúkọ fáìlì. Ẹni tó bá fẹ́ Bash, kí ó kọ ọ́ sórí ìlà kìíní. Ẹni tó bá kọ sh, kí ó fi dash dán an wò. Irinṣẹ́ ShellCheck ìbá ti tọ́ka sí == yẹn kí ó tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́. Àmì = kan ṣoṣo ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Wọ́n ti yí ìlà kìíní padà sí Bash báyìí, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti parí. Bẹ́ẹ̀, Makefile wa ṣì ń pe script náà báyìí: sh build.sh. Dash kò ka ìlà kìíní yẹn sí nǹkan kan.