Ọkàn Ọmọ Inú: Ẹ Má Jẹ́ Ká Dúró De Ọjọ́ Ìrọbí



Ní ìpàdé tó kọjá, arákùnrin wa kan tọrọ owó-yá kékeré kí ìyàwó rẹ̀ lè lọ ya síkáànì ní Ìbàdàn. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, ṣé torí àtimọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo la ó ṣe gbé owó ẹgbẹ́ jáde? A sún ọ̀rọ̀ náà síwájú. Èmi tí mo kọ ìwé ìpàdé náà kò fara mọ́ ọn.

Síkáànì kọjá ọ̀rọ̀ akọ tàbí abo. Láti ayé àwọn ìyá wa ni nọ́ọ̀sì ti ń gbé ìwo kékeré lé ikùn aboyún láti gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù. Ó dára, ṣùgbọ́n etí nìkan ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní 1958 ni Dókítà Ian Donald àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Glasgow kọ̀wé nípa bí a ṣe lè fi ìró wo inú ikùn. Ẹ̀rọ náà ń rán ìró tí etí wa kò lè gbọ́ wọlé. Bó bá kan ọmọ, á padà wá di àwòrán. Kì í ṣe eksiréè rárá.

Bí oyún bá ti tó ọ̀sẹ̀ 18 sí 22, ẹni tó mọṣẹ́ á rí yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin inú ọkàn ọmọ, á sì mọ̀ bóyá ó ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde bó ti yẹ. Ó yẹ kó máa lù ní ìgbà 110 sí 160 ní ìṣẹ́jú kan. Kárí ayé, nǹkan bí ọmọ 8 nínú 1,000 ni wọ́n ń bí pẹ̀lú àléébù ọkàn. Síkáànì kò lè rí gbogbo rẹ̀, kò sì í wo àìsàn sàn. Àmọ́ bí a bá tètè mọ̀, ìyá ọmọ kò ní bímọ sí abúlé. Yóò lọ síbi tí dókítà ọmọdé wà. Ẹni tó bá ń gbé ní Àkànrán tàbí Lálúpọn mọ bí ọ̀nà ṣe ń rí lóru.

Ní 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí aboyún ya síkáànì kan kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 24.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé owó náà kò ní padà. Ẹ̀rù wọn kì í ṣe asán. Ṣùgbọ́n a máa ń yá ara wa lówó ìnáwó òkú, oníduùró méjì náà la sì ń gbà. Ẹni tó ti lọ là ń náwó fún; ẹni tó ń bọ̀ wá là ń sún síwájú!

Àbá mi rèé: ká ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún aboyún, láìní kí ó dúró de ìgbà tó máa kàn án, kó san án padà lẹ́yìn ìkórè. Kí ẹni tó bá lọ sì sọ fún wọn pé, "Ẹ bá mi wo ọkàn ọmọ náà dáadáa," torí kì í ṣe gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ya síkáànì ni wọ́n ti ń wò ó.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọ̀rọ̀ yìí yóò padà wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹ wá, kí ẹ sì mú ìyàwó yín dání.

Èmi ni Akọ̀wé yín.