Géèmù Bàálù Ogun: Kí Ló Yẹ Kí Owó Rà?

Ẹ̀sùn kan ti pẹ́ lẹ́nu àwọn tó fẹ́ràn géèmù bàálù ogun lórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní géèmù tí èèyàn kò sanwó kó tó wọlé kò lè jọ ìjà òfuurufú gidi láéláé. Ẹni tó bá fẹ́ ojúlówó, kó múra àtináwó. A ti yẹ ẹ̀sùn náà wò. Àìsàn wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí wọ́n nawọ́ sí ló wà.

Ẹ jẹ́ ká mú War Thunder, tí ilé-iṣẹ́ Gaijin Entertainment kọ́kọ́ ṣí sílẹ̀ ní 2012. Ẹnikẹ́ni kì í san kọ́bọ̀ kó tó wọlé. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n là sílẹ̀ fún ìjà òfuurufú. Nínú Arcade, àmì kan á máa fi ibi tó yẹ kí o yìnbọn sí hàn ọ́, ọta tó bá sì tán á tún kún lójú òfuurufú níbẹ̀. Nínú Realistic, bí ọta bá tán, àfi kí o padà balẹ̀ kó o tó rí òmíràn. Nínú Simulator, inú àgọ́ awakọ̀ nìkan lo ti lè wòta. Kò sí àmì tó ń tọ́ka sí ọ̀tá. Ojú ara rẹ ni wàá fi dá a mọ̀. Bí o bá sì fa ọ̀pá ìdarí lọ́nà òmùgọ̀, bàálù á bẹ̀rẹ̀ sí í yí gbirigbiri lọ sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo èyí. Ta ló wá ní ọ̀fẹ́ àti òótọ́ kò lè jọ gbé?

DCS World ti Eagle Dynamics gba ọ̀nà mìíràn. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ náà ṣí lọ́fẹ́, pẹ̀lú bàálù méjì: Su-25T ti Rọ́ṣíà, àti TF-51D tí kò ní ìbọn. Èyí tó kù, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tà á. Ara iṣẹ́ tí wọ́n ṣe láti fi kọ́ àwọn awakọ̀ Air National Guard ti Amẹ́ríkà ni bàálù A-10C tí wọ́n gbé jáde ní 2011 ti wá. Kí o tó gbéra nínú rẹ̀, wàá tan bátìrì, wàá tan ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń ran àwọn ńlá lọ́wọ́, wàá tan ti òsì, wàá tan ti ọ̀tún, wàá sì dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́rin kí ẹ̀rọ atọ́nà tó mọ ibi tí bàálù wà.

Ìdúró yẹn ló la ọ̀rọ̀ yìí yé wa. Bàálù gidi ló ni ín. Awakọ̀ gidi náà ń dúró. Ṣùgbọ́n ìdúró mìíràn wà nínú War Thunder tí kì í ṣe ti bàálù rárá. Láti inú bàálù àwọn ọdún 1930 lo ti máa bẹ̀rẹ̀, tí wàá máa jà, tí wàá máa kó máàkì jọ, kí o tó dé ìdí jẹ́ẹ̀tì. Owó inú géèmù, Silver Lions, lo máa fi rà á, òun náà lo máa fi tún un ṣe bó bá bàjẹ́. Bó bá sú ọ, ilé-iṣẹ́ á ta ìrọ̀rùn fún ọ: san owó gidi kí èrè rẹ lè yára, tàbí kí o ra jẹ́ẹ̀tì lódindi. Ẹni tó ń ta omi kì í gbàdúrà òjò. Ilé-iṣẹ́ tó bá ń ta ìkúrò nínú ìdúró kò ní fẹ́ kí ìdúró kúrú.

Ẹ̀rí wà. Ní May 2023, àwọn òǹṣeré ya bo Steam, ọjà géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ burúkú nípa géèmù náà nítorí ọ̀rọ̀ owó yìí. Gaijin fa àwọn àyípadà tó fẹ́ ṣe sẹ́yìn, ó sì gbé ètò àtúnṣe jáde fún gbogbo èèyàn. Ìnira tí ariwo lásán lè dín kù, èèyàn ló dì í lẹ́rù.

Ó sì ń ba òótọ́ géèmù jẹ́. Ẹni tí kò tíì mọ̀ bí wọ́n ṣe ń gbé bàálù balẹ̀ lè fowó ra jẹ́ẹ̀tì tó ní mísáìlì lónìí, kó sì wọ ojú ìjà lónìí náà. Òun kò gbádùn, àwọn tó bá a ṣe ẹgbẹ́ kò rí ìrànlọ́wọ́.

Síbẹ̀, a kò ní da gbogbo ẹ̀bi sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nǹkan bí 80 dọ́là ni wọ́n ń ta bàálù F/A-18C nínú DCS. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin ní kí òṣìṣẹ́ gbà ní Nàìjíríà láti 2024, 70,000 náírà, kò rà á. Owó gọbọi kì í sì í ṣe ẹ̀rí iṣẹ́ píparí. Nínú DCS kan náà, wọ́n ta F-15E nígbà tí iṣẹ́ ṣì kù lára rẹ̀ ní 2023. Nígbà tó di 2024, ilé-iṣẹ́ RAZBAM tó ṣe é ní owó òun kò tẹ òun lọ́wọ́, ó dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Eagle Dynamics náà ní RAZBAM ló da àdéhùn. Àwọn tó ti sanwó ló wà láàárín.

Ìdájọ́ wa rèé. Ọ̀fẹ́ kò jẹ̀bi. Ẹni tó jẹ̀bi ni ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ dá ìnira sílẹ̀ tó tún ń ta ìtura rẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ owó, kó ta bàálù, kó ta ọ̀dà àti àmì ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kó má ta àkókò ẹni padà fún ẹni. Kí iye ọjà wà ní owó gidi gbangba, kó má fi Golden Eagles, owó inú War Thunder tí wọ́n ń fi owó gidi rà, bò ó. Kí ẹni tó fẹ́ ra jẹ́ẹ̀tì kọ́kọ́ fi hàn pé òun lè gbé bàálù kékeré balẹ̀. Kí àwọn tó ń ta iṣẹ́ tí kò tíì parí náà kọ ọjọ́ ìparí rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì dá owó padà bí iṣẹ́ bá dúró.

Títí wọn yóò fi ṣe bẹ́ẹ̀, ìmọ̀ràn wa fún òǹṣeré kò gùn: wọlé lọ́fẹ́, kọ́ iṣẹ́ nínú Simulator tàbí lórí Su-25T, má sì sanwó fún ohunkóhun tí kò kọ́ ọ ní fífò.